Owó, ọwọ̀ àti Ọ̀wọ̀: báwo la ṣe fẹ́ ṣe ìṣàwárí tó máa gbọ́ Yorùbá fún ìwé ìròyìn ìlú wa?

AlákàáÌròyìn:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ìlú wa ni mo ń bá wọn tọ́jú. 1958 ni wọ́n tẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́, Yorùbá ni wọ́n sì ń fi kọ ọ́ títí di òní. A ti kó àròkọ bíi 4,000 nínú rẹ̀ sórí ìkànnì wa. Àpótí ìṣàwárí wà lókè níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àpótí yẹn ló sì gbé mi wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní nígbà tí bàbá àwọn kú ní 1967, ìwé ìròyìn wa kọ nípa ìsìnkú wọn, àwòrán wọn sì wà níbẹ̀ tàwọn ti fìlà abetíajá. Ọmọ-ọmọ wọn ti tẹ orúkọ bàbá náà àti Òṣogbo sínú àpótí, kò rí nǹkan kan. Èmi náà tẹ̀ ẹ́, òfo. Mo bá wọ yàrá ìwé, mo ń ṣí àwọn ẹ̀dà 1967 lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi bá a nínú ti oṣù kẹjọ. "Oshogbo" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣ tó wà nínú orúkọ bàbá, "sh" ni wọ́n fi kọ òun náà. Mo padà sórí ìkànnì: àròkọ yẹn ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn! Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara, torí mi ò mọ iye ènìyàn tó ti wá òbí wọn wá sọ́dọ̀ wa, tí wọ́n sì padà lọ pẹ̀lú èrò pé a ò kọ nǹkan kan nípa wọn.

Ìdà kejì rẹ̀ nìyí. Bí mo bá tẹ "owó", gbogbo ọwọ́, ọwọ̀, òwò, ọ̀wọ̀, títí kan ìlú Ọ̀wọ̀, ló máa rọ́ jáde. Ojú ìwé 24! Ta ló fẹ́ kà á tán?

Owó tó wà lápò ẹgbẹ́ kò tó nǹkan. Sáfà kékeré kan, kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì wa dúró, la ní, mo sì gbọ́ Python díẹ̀, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌyáIléÌkàwé:
O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé kí n tó fẹ̀yìn tì, jọ̀wọ́ gbọ́ tèmi kí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà tó dé. Má tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ìwé ìkọ̀wé kan àti bírò ni kí o mú. Kọ ìbéèrè 50 tí àwọn ènìyàn ti bi ọ́ rí sílẹ̀, bí wọ́n ṣe bi í gan-an, má bá wọn tún un ṣe. Níwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kọ ẹ̀dà àti ojú ìwé tí ìdáhùn rẹ̀ wà. Ti ìyá yẹn ni kó ṣáájú. Kí o wá tẹ gbogbo rẹ̀ sínú àpótí tí ẹ ní báyìí, kí o ka iye tí ìdáhùn rẹ̀ jáde láàárín mẹ́wàá àkọ́kọ́. Òṣùwọ̀n rẹ nìyẹn. Ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní àtúnṣe kan dára, tún àádọ́ta náà tẹ̀, kí o wò ó bóyá iye yẹn lọ sókè tàbí ó wálẹ̀.

Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ ni pé àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn ìlú kì í sábà wá "ètò ọrọ̀ ajé" tàbí "àṣà". Ènìyàn ni wọ́n ń wá, àti àdúgbò, àti ìgbà. "Ta ni baálẹ̀ nígbà tí iná mànàmáná wọ̀lú?" "Ọdún wo ni wọ́n ṣí ọjà tuntun?" Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n tẹ àròkọ, ẹni tó kọ ọ́, àwọn tí wọ́n dárúkọ nínú rẹ̀ àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, kí kálukú ní àyè tirẹ̀. Má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán. Ibẹ̀ ni orúkọ pọ̀ sí jù lọ, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń tẹ ìwé sórí kọ̀ǹpútà máa ń fò.

Ẹlẹ́rọÌbàdàn:
Mo gba ọ̀rọ̀ Ìyá wọlé. Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ lẹ́tà, torí ibẹ̀ ni mo fura pé àpótí yín ti ń kọsẹ̀.

Lójú wa, ẹ́ kan ṣoṣo ló wà láyé. Nínú kọ̀ǹpútà, ó tó ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n lè gbà kọ ọ́ (U+ àti ohun tó tẹ̀ lé e ni nọ́ńbà tí Unicode, ìlànà lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà, fún lẹ́tà tàbí àmì kọ̀ọ̀kan). Ẹnì kan á tẹ ẹ (U+1EB9), á wá fi àmì òkè (U+0301) lé e lórí. Ẹlòmíràn á tẹ é (U+00E9), á wá fi àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) sí i nídìí. Ẹnì kẹta á tẹ e lásán, á wá to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Unicode kò fún ẹ́ ní nọ́ńbà kan tó dá dúró, nítorí náà kò síbi tí a fẹ́ sá gbà fún àkópọ̀ yìí. Bí ẹni tó tẹ àròkọ bá gba ọ̀nà kan, tí ẹni tó ń wá a gba òmíràn, wọn ò ní pàdé láéláé, bẹ́ẹ̀ ojú kò lè rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Ìlà kan péré ni ìwòsàn rẹ̀ ní Python: unicodedata.normalize("NFC", oro). NFC yẹn ló ń sọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Ẹ fi gbogbo àròkọ gba ibẹ̀ kọjá, kí ẹ sì fi ohun tí olùwá bá tẹ̀ gba ibẹ̀ pẹ̀lú. Méjèèjì o!

Ohun kan wà tí NFC kì í tún ṣe. Àwọn ìwé kan kò fi àmì róbótó sábẹ́ ẹ àti ọ, ìlà tín-ínrín tó dúró ṣanṣan (U+0329) ni wọ́n fi síbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ara yín pa á dà sí U+0323 kí ẹ tó pe NFC. Kí ẹ sì ṣọ́ àmì ìyọkúrò inú "l'ọ́wọ́" àti "n'ílé": èyí tó tọ́ wà níbẹ̀ ('), èyí tó tẹ̀ náà wà níbẹ̀ (’). Ẹ sọ wọ́n di ọ̀kan.

ÀbúròTóŃKọ́ṣẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ṣé kò ní rọrùn kí a kàn bọ́ gbogbo àmì dànù? Mi ò tíì rí ẹni tó ń tẹ àmì ohùn sórí nǹkan tó ń wá lórí fóònù.

Ẹlẹ́rọÌbàdàn:
Òótọ́ lo sọ nípa fóònù, àbúrò. Ṣùgbọ́n bíbọ́ yẹn ló sọ owó di ọ̀wọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Púpọ̀ nínú irinṣẹ́ ìṣàwárí ló ń bọ́ àmì láìbéèrè. FTS5, irinṣẹ́ ìṣàwárí tó wà nínú SQLite (ètò tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà), bí o kò bá yí i padà, bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe. Ọ kì í ṣe o tó wọ ohun ọ̀ṣọ́. Lẹ́tà tó dá dúró ni nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, ó sì yẹ kí ẹ̀rọ wa mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní ká fipá mú ẹnikẹ́ni tẹ àmì. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ní ipele mẹ́ta. Ní ìkíní, ọ̀rọ̀ wà bó ṣe wà, tòun ti àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀: ọ̀wọ̀. Ní ìkejì, àmì ohùn ti kúrò, tìsàlẹ̀ ṣì wà: ọwọ. Ní ìkẹta, gbogbo rẹ̀ ti bọ́: owo. Tábìlì FTS5 kan, kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́ta, kí o kọ remove_diacritics 0 sí i kí ó má fọwọ́ kan nǹkan, kóòdù Python tìrẹ ni kó máa ṣe bíbọ́ náà. Ohun tí olùwá bá tẹ̀, wá a ní ipele tó bá a mu àti ní gbogbo èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bm25 inú FTS5, ìṣirò tó ń to èsì bó ṣe bá ìbéèrè mu sí, gbà ká fún kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, 4 àti 1. Ẹni tó bá tẹ "ọ̀wọ̀" á rí ọ̀wọ̀ lókè, ọwọ́ àti ọwọ̀ á tẹ̀ lé e, owó àti òwò á wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá tẹ "owo" lásán á rí gbogbo wọn, ìyẹn sì sàn ju òfo lọ. Kí o rántí pé nọ́ńbà tí bm25 ń dá padà níbẹ̀, abẹ́ òdo ló wà. Èyí tó kéré jù ló dára jù, má tò ó sódì.

ÀbúròTóŃKọ́ṣẹ́:
Ó yé mi. Olùkọ́ wa kan ní irinṣẹ́ ìṣàwárí kan tó ń jẹ́ Elasticsearch ni gbogbo ayé ń lò, ẹ̀gbọ́n.

Ẹlẹ́rọÌbàdàn:
Irinṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n 4,000 àròkọ kò tó ẹrù tí à ń gbé lé e lórí. Orí Java ló ti ń ṣiṣẹ́, ó máa jẹ mẹ́mọ́rì sáfà kékeré yẹn tán. SQLite, fáìlì kan ni. Dà á kọ sórí fláàṣì, o ti ní àdàkọ.

ỌmọAkọ̀wé:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹ má baà jẹ irú ìyà tí mo jẹ. Orí PostgreSQL, ètò ìtọ́jú àkọsílẹ̀ mìíràn, ni ìwé ìròyìn ìjọ wa wà. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, mo fi ètò èdè rẹ̀ sílẹ̀ sí "english" láìronú, mo sì ti bọ́ àmì gbogbo ọ̀rọ̀. Oṣù méjì gbáko, ẹni tó bá wá "sọ", "tó", "bẹ̀" tàbí "wẹ̀", pàbó ló ń já sí. Wọ́n ti di so, to, be àti we. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wẹ́wẹ́ tí ètò yẹn kà sí pàǹtírí ni gbogbo wọn, ó sì ń gbọn irú wọn dànù kí ó tó kọ atọ́ka. "On", tí àwọn àgbà ìgbà àtijọ́ fi ń kọ "òun", bá wọn lọ. Yàtọ̀ síyẹn, ètò Gẹ̀ẹ́sì a máa wá s, ed àti ing nídìí ọ̀rọ̀ láti gé. Kí ni tiwa nínú ìyẹn? "Àwọn" là ń fi sọ nǹkan di púpọ̀, ìdí ọ̀rọ̀ wa kì í yí padà.

"Simple" ni kí ẹ yàn bí ẹ bá wà lórí PostgreSQL. Bí FTS5 lẹ lò, ẹ má fi porter, tó ń gé ìdí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kún un.

Olùkọ́Àkọtọ́:
Mo kí gbogbo yín. Ìdajì wàhálà yìí, àkọtọ́ ló fà á, kọ̀ǹpútà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àkọtọ́ tí à ń lò lónìí, 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà ọdún mẹ́rìndínlógún àkọ́kọ́ yín ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Ẹ má tún wọn kọ o! Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí àwọn tó kọ wọ́n ṣe kọ wọ́n, kí ẹ sì kọ́ ẹ̀rọ láti kà wọ́n.

Àwọn kan wà tí òfin lè gbé. "Sh" ń di ṣ: Oshogbo, Ilesha, Shagamu, Ogbomosho. Otta, Offa, Iddo àti Ebute Metta: kọ́ńsónáǹtì kan náà kì í léra ní Yorùbá òde òní, ẹ sọ ọ́ di ẹyọ kan, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan n àti m. "Nlọ", "nbọ", "nṣe" tí wọ́n kọ pọ̀: ẹ ya n sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ìṣe, torí "ń lọ" la ń kọ báyìí. Ṣùgbọ́n nkan àti nla kò sí nínú wọn, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ pé kí òfin yẹn fò wọ́n.

Àwọn mìíràn wà tí òfin ò lè gbé, àfi kí ẹ tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: aiye, enia, nwọn, yio, ẹiyẹ, ẹnyin, obirin. Kò pọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ bí 150 máa gbé yín dé ibi tó jìnnà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé. "Alãfia", "dãda". Àmì orí a yẹn ń sọ fún òǹkàwé pé kó fa ohùn gùn. Lónìí, àlàáfíà àti dáadáa la ń kọ. Bí ẹ bá bọ́ àmì orí ã, tí ẹ sì sọ fáwẹ́lì méjì tó jọra di ẹyọ kan, tàtijọ́ àti tòde òní á pàdé ní "alafia" àti "dada". Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí i tí wọ́n pàdé bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́rọÌbàdàn:
Ẹ̀yin Olùkọ́, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní àròyé kan. Bí fáwẹ́lì méjì bá di ẹyọ kan, oògùn á di ogun. Ẹni tó ń wá àgbo ibà á bá ara rẹ̀ lójú ogun Kírìjì.

Olùkọ́Àkọtọ́:
O rí i sọ, ọmọ mi. Ogún náà á bá wọn lọ, àti òrìṣà, àti odò tí wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ Ògùn lórúkọ. Ṣé a ò lè fún àkọtọ́ àtijọ́ ní ààyè tirẹ̀ tó máa wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀?

Ẹlẹ́rọÌbàdàn:
A lè fún un. Kọ́lọ́ọ̀mù kẹrin, ìwọ̀n 0.5. Ipele kẹta á fi "oogun" sílẹ̀ bó ṣe wà, ìkẹrin nìkan ni òfin sh, ti Otta àti ti fáwẹ́lì gígùn á máa ṣiṣẹ́. Nígbà náà, ẹni tó bá tẹ "oogun" á rí oògùn kó tó rí ogun. Àròyé mi tán.

ỌmọPeckham:
Láti London ni mo ń kọ èyí. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi, àpótí yẹn nìkan ni ilẹ̀kùn wa. A ò lè wọ yàrá ìwé bí AlákàáÌròyìn ṣe wọ̀ ọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi bọ́tìnnì ẹ, ọ àti ṣ sábẹ́ àpótí náà, torí kò sí wọn lórí kíbọ́ọ̀dù tí mo ń lò. Èmi á tẹ̀ wọ́n bí mo bá rí wọn, ipele kejì á sì ṣiṣẹ́ fún mi.

Bí èsì bá jáde, kí n rí ọdún àti gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ mi ti jẹyọ lábẹ́ àkọlé. "Ìròyìn Ìlú" ni àkọlé ìdajì àwọn àròkọ irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tí màá ṣí? Bí èsì kò bá sì sí, ẹ má kàn kọ "Kò sí" kí ẹ pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ fi orúkọ tó jọ ọ́ hàn mí. Ẹ fún mi ní ibi tí mo ti lè kọ ohun tí mo ń wá sílẹ̀ fún ẹni tó lè lọ ṣí ìwé.

Ẹlẹ́rọÌbàdàn:
Snippet() wà nínú FTS5 fún gbólóhùn yẹn. AlákàáÌròyìn, ẹ tọ́jú gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn wá tí èsì rẹ̀ jẹ́ òfo sínú fáìlì kan, ẹ máa kà á ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ má tọ́jú ẹni tó wá a, ọ̀rọ̀ náà nìkan. Inú fáìlì yẹn ni ẹ ti máa rí ọ̀rọ̀ tuntun fún àkójọ Olùkọ́.

OníSíkáànù:
Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè bí àròkọ 4,000 náà ṣe dé orí kọ̀ǹpútà. Ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n, àbí ẹ̀rọ ló kà wọ́n?

AlákàáÌròyìn:
Ẹ̀rọ ló ka èyí tó pọ̀ jù. Iléeṣẹ́ kan la gbé e fún.

OníSíkáànù:
Mo rò bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí ogún nínú wọn, ẹ gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán ojú ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ẹ bá rí i pé kò sí ọ kan ṣoṣo nínú àròkọ tó gùn, a jẹ́ pé ètò Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kà á. Tesseract, irinṣẹ́ tó ń ka àwòrán ojú ìwé di ọ̀rọ̀, ní ètò Yorùbá, "yor" ni orúkọ rẹ̀. Kò pé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹ, ọ àti ṣ wà. Kí síkáànù má dín sí 300 dpi (tóótòòtó 300 nínú íǹṣì kan), torí bí àwòrán bá ti ṣókùnkùn, àmì ìsàlẹ̀ á dà bí ìdọ̀tí lójú ẹ̀rọ. Kí ẹ sì pín ojú ìwé sí òpó rẹ̀ kí ẹ tó fún un. Bí kò bá mọ̀ pé òpó méjì ló wà, á ka ìlà kan láti apá òsì mọ́ ti apá ọ̀tún, orúkọ olóògbé á wá so mọ́ ìpolówó ọṣẹ.

Àwọn ojú ìwé kan máa wà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò ní àmì tẹ̀, tí akọ̀wé wá fi bírò tọ́ àmì sí i. Àwọn yẹn, ipele kẹta ló máa gbà wọ́n. Ohun tí mo fi ń bẹ̀ yín ni pé kí àwòrán ojú ìwé máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ lórí ìkànnì nígbà gbogbo. Bí ẹ̀rọ bá ṣì í kà, ojú ọmọ ènìyàn á rí i.

AlákàáÌròyìn:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí mo ti ń bá a yí.

Mo ṣe ti Ìyá kọ́kọ́. Nínú ìbéèrè 50, àpótí àtijọ́ gbé 17 jáde láàárín mẹ́wàá àkọ́kọ́. Nígbà tí mo ṣe NFC nìkan, ó di 23. Ipele mẹ́ta gbé e dé 34, kọ́lọ́ọ̀mù àkọtọ́ àtijọ́ sì sọ ọ́ di 41. Mo ṣí mẹ́sàn-án tó kù wò: mẹ́fà nínú wọn, ẹ̀rọ ló ka orúkọ di nǹkan mìíràn, bí OníSíkáànù ṣe sọ. Mẹ́ta tó kù, abẹ́ àwòrán ni orúkọ náà wà, ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ ẹ́ rí.

Mo pe ìyá àgbà yẹn padà. Mo ní kí ọmọ-ọmọ wọn tẹ orúkọ bàbá bó ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, láìfi àmì kankan sí i. Òun ni èsì kejì. Ọmọ náà ń ka ìsìnkú yẹn sókè, mo ń gbọ́ ọ láti orí fóònù, ìyá sì ń pe orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ibi tí mo dé báyìí ni ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán. Láti 1958 sí 1974, wọ́n tó 900. Ṣé kí n tẹ gbogbo rẹ̀ ni, àbí kí n ṣa á?

ÌyáIléÌkàwé:
Má ṣa á. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀dà tó pẹ́ jù, torí bébà rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbó, àwọn tó sì lè sọ fún ọ ẹni tó jókòó sápá òsì nínú àwòrán kò pọ̀ mọ́. Bí orúkọ kan bá rú ọ lójú, tẹ ohun tó wà nínú ìwé, kí o wá kọ èyí tí àwọn àgbà bá sọ fún ọ sí àyè mìíràn, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Bí o bá ń tẹ 15 lóòjọ́, oṣù méjì ni.

AlákàáÌròyìn:
Mo dúpẹ́, Mà. Àpótí tí a kó àwọn ẹ̀dà 1958 sí ti wà lórí tábìlì mi. Ọjọ́ Ajé ni mo máa bẹ̀rẹ̀, ìyá yẹn sì ti ní àwọn á wá jókòó tì mí fún ti àwọn ará àdúgbò wọn.